Ẹ̀dá Odò Ilẹ̀ Wa Tó Lè Jọ Gbé Inú Tánkì Kan: Bí Ẹ Ṣe Máa Yàn Wọ́n

Tí ẹ bá dé ọ̀dọ̀ àwọn tó ń ta ẹja ọ̀ṣọ́ l'Ékòó tàbí n'Íbàdàn, goldfish lẹ máa kọ́kọ́ rí, lẹ́yìn ẹ̀ guppy, molly, angelfish, oscar. Goldfish ti China wá, angelfish àti oscar ti odò Amazon wá. Wọ́n dáa, mi ò bú wọn. Ohun tó máa ń dùn mí ni pé àwọn ẹ̀dá kan wà tí àwọn ará Jámánì, Britain àti Amẹ́ríkà ń fi owó gidi rà, tí wọ́n ń jókòó tì lálaalẹ́ láti máa wò, inú odò tiwa ni wọ́n ti ń kó wọn lọ, látinú Odò Ògùn, Odò Ọya, Odò Ethiope ní Delta, títí dé Cross River àti Kamẹrúùnù. Ẹja tó ní ẹ̀dọ̀fóró tó ń gòkè wá mí, ẹja tó ń fi iná mànàmáná inú ara ẹ̀ wá oúnjẹ nínú òkùnkùn, edé tó ń na ọwọ́ sínú omi tó ń ṣàn kó lè gba ohun tó máa jẹ. Wọ́n wà lágbègbè wa níbí, ọ̀pọ̀ wa ò kàn mọ̀ wọ́n ni.

Nítorí náà mo fẹ́ ṣàlàyé bí ẹ ṣe máa yan irú àwọn ẹ̀dá yìí tí wọ́n á fi lè jọ gbé nínú tánkì kan nínú ilé, kó má di pé ọ̀kan ń gbé ọ̀kan mì, tàbí kí ọ̀kan máa rù sí kọ̀rọ̀ nígbà tí àwọn yòókù ń sanra. Èyí tí mo sọ gbẹ̀yìn yẹn ló ń pa wọ́n jù o. Ìjà kọ́, ebi ni.

Ẹ wo ẹnu kí ẹ tó wo àwọ̀

Ẹja tí ẹnu ẹ̀ bá gba ọmọnìkejì máa gbé e mì lọ́jọ́ kan, bó ti wù kó jẹ́ oníwà pẹ̀lẹ́ tó, kì í ṣe pé ó burú, oúnjẹ ló rí. Torí ẹ̀, tí ẹni tó ń tà á bá sọ fún yín pé "kì í jà, kì í jà", ẹ bi í pé báwo ló ṣe máa gùn tó tó bá dàgbà tán. Ẹja tó gùn ní sẹ̀ǹtímítà 8 lónìí tó sì máa di 30, 30 yẹn ni kẹ́ ẹ fi ṣètò, ẹ má fi 8 ṣètò.

Lẹ́yìn ẹnu, ibi tó ń gbé nínú omi ló kàn. Omi tánkì ní òkè, ó ní àárín, ó ní ìsàlẹ̀, bí ilé pẹ̀tẹ́ẹ̀sì ló rí, tí gbogbo ayálégbé bá kó sí yàrá ìsàlẹ̀, wàhálà ò ní tán níbẹ̀. Ẹ mú ẹni méjì tó fẹ́ràn òkè, ẹ mú agbo kan tó ń lúwẹ̀ẹ́ láàárín, ẹ wá mú àwọn tó ń rìn nílẹ̀, tánkì yẹn á kún lójú láì kún jù.

Èyí tó ṣe pàtàkì jù lójú tèmi wá ni bó ṣe ń jẹun àti ìgbà tó ń jẹun. Àwọn kan máa gbá oúnjẹ mọ́ra kó tó já sílẹ̀. Àwọn kan ò ríran dáadáa, òórùn ni wọ́n fi ń wá a, ó sì lè pẹ́ gan an kí wọ́n tó débi ekòló tí ẹ jù síwájú wọn gangan. Tẹ́ ẹ bá kó méjèèjì pọ̀ láì mọ bẹ́ ẹ ṣe máa bọ́ wọn, èyí tó ń lọ́ra máa rù, ikùn ẹ̀ á wọnú, ẹ ó sì máa ra oògùn sómi nígbà tó jẹ́ pé kò sí àìsàn kankan lára ẹ̀. Gbogbo àwọn ẹ̀dá tí mo máa dárúkọ báyìí, ọ̀rọ̀ oúnjẹ yìí ni mo máa fi wọ̀n wọ́n.

Ará òkè omi

African butterfly fish ni mo máa kọ́kọ́ mú torí òun ni mo fẹ́ràn jù, Pantodon buchholzi lorúkọ ẹ̀ nínú ìwé. Ó wà nísàlẹ̀ Odò Ọya, ó wà ní Kamẹrúùnù, ó wà káàkiri Kóńgò. Gígùn ẹ̀ ò ju nǹkan bíi sẹ̀ǹtímítà 12 lọ. Tẹ́ ẹ bá wò ó látòkè, ẹ ó rò pé ewé gbígbẹ ló já sómi, ara ẹ̀ ní àmì dúdú dúdú lórí àwọ̀ ilẹ̀, ìyẹ́ ẹ̀gbẹ́ ẹ̀ méjèèjì tẹ́ rẹrẹ, àwọn fọ́nrán gígùn á wá rọ̀ sílẹ̀ lábẹ́ ẹ̀. Kò ní mira. Ó lè dúró lójú kan fún ìgbà pípẹ́ tí àlejò á fi bi yín pé ṣé kò tíì kú. Ṣùgbọ́n ẹ ju ìrẹ̀ kékeré kan sójú omi kẹ́ ẹ wò ó, ìrẹ̀ yẹn máa gbọn ẹsẹ̀, omi á mì díẹ̀, ẹja yẹn á yí orí ẹ̀ síbẹ̀ jẹ́jẹ́, ẹ̀ẹ̀kan náà lẹ máa gbọ́ "pọ̀ọ́", ìrẹ̀ ò sí mọ́.

Ẹnu ẹ̀ kọjú sókè, ojú omi ló ti ń jẹun, ohun tó bá ti rì kò kàn án mọ́. Èyí túmọ̀ sí pé kò ní bá àwọn ará ìsàlẹ̀ du oúnjẹ rárá, ìdí nìyẹn tó fi dáa fún tánkì àjọgbé. Ẹ fún un ní ìrẹ̀ kékeré, tanwíjí, èsúnsún tí òjò àkọ́rọ̀ bá ti gbé wọn jáde (ẹ já ìyẹ́ wọn dànù kẹ́ ẹ tó fún un, kẹ́ ẹ má sì lo èyí tó ti kan oògùn kòkòrò). Ẹja kéékèèké tó ń rìn lókè omi, bí ọmọ guppy, oúnjẹ ẹ̀ ni wọ́n. Àwọn ẹja tó ń gé ìyẹ́ ẹlòmíì jẹ, bíi tiger barb, ẹ má kó wọn tì í, fọ́nrán ẹ̀ yẹn ni wọ́n máa kọ́kọ́ gbájú mọ́.

Ó ń fò o! Ó lè fò jáde kúrò nínú omi lójijì, torí náà tánkì gbọ́dọ̀ ní ìdérí, kẹ́ ẹ sì fi àlàfo díẹ̀ sílẹ̀ láàárín omi àti ìdérí. Kì í fẹ́ kí ojú omi máa ru, ẹ darí ẹnu fílítà sísàlẹ̀ tàbí sára gíláàsì. Kẹ́ ẹ wá fún un ní ohun tó máa sá pa mọ́ sábẹ́ ẹ̀, kò sì síhun tó dáa tó ojúoró tiwa yìí, jẹ́ kó lékè omi bó ṣe máa ń ṣe, gbòǹgbò ẹ̀ á rọ̀ sílẹ̀, ẹja á wà lábẹ́ ẹ̀ wọ́ọ́rọ́wọ́, ìfò á dín kù.

Ṣùgbọ́n ẹ jọ̀ọ́, ẹ má wọ inú odò tàbí adágún láti lọ já ojúoró tàbí láti ṣa ìgbín odò fún tánkì. Àwọn ìgbín kékeré kan nínú omi wa ló ń gbé kòkòrò àtọ̀sí ajá (bilharzia) kiri, kòkòrò yẹn ń ti ara ìgbín bọ́ sínú omi, á sì gba awọ ẹsẹ̀ èèyàn wọlé láìjẹ́ pé ẹ mu omi náà. Ẹ ra ojúoró lọ́wọ́ ẹni tó ń gbìn ín sínú ọpọ́n, ẹ fọ̀ ọ́, ẹ dá a sọ́tọ̀ sínú bọ́kẹ́ẹ̀tì fún ọ̀sẹ̀ méjì, kẹ́ ẹ máa yẹ abẹ́ ewé ẹ̀ wò bóyá ẹyin ìgbín wà níbẹ̀. Ọ̀rọ̀ yìí kò gba gbẹ̀rẹ́ rárá, pàápàá tí ọmọdé bá wà nílé.

Ará àárín

Níbí ẹ nílò agbo. Arnoldichthys spilopterus, red-eye tetra ti Áfíríkà, ọmọ Nàìjíríà pọ́nbélé ni, gúúsù ilẹ̀ wa níbí ló ti wá. Ojú ẹ̀ pupa lókè, ìpẹ́ ẹ̀ tóbi, tí iná bá tàn sí i lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹ máa rí àwọ̀ ewé, àwọ̀ ojú ọ̀run àti àwọ̀ wúrà pa pọ̀. Ó ń tó sẹ̀ǹtímítà 8, torí náà kò kéré débi tí ará òkè máa fi gbé e mì. Ẹ má ra ẹyọ méjì o, mẹ́fà ló kéré jù, ó máa ń bẹ̀rù tí kò bá rí ẹgbẹ́ ẹ̀.

Èkejì ni African glass catfish, Pareutropius buffei, tóun náà wà nínú odò wa. Ẹja tó ní irùngbọ̀n ni àmọ́ kì í jókòó sílẹ̀ bí àrọ̀, ṣe ló máa ń lọ tó máa ń bọ̀ láàárín omi láti àárọ̀ ṣúlẹ̀, ìlà dúdú gígùn wà lára ẹ̀, ibi tí ìlà ò sí fẹ́ẹ̀ dà bí gíláàsì. Mẹ́fà sókè lòun náà. Ìkan tàbí méjì máa dákẹ́ sí kọ̀rọ̀, kò ní jẹun mọ́.

Àwọn ará àárín yìí ló ń sáré jẹun jù, nítorí náà àwọn ni kẹ́ ẹ kọ́kọ́ bọ́. Tí wọ́n bá ti yó, ẹ pa iná, ẹ dúró díẹ̀, ẹ wá bọ́ àwọn ará ìsàlẹ̀. Tẹ́ ẹ bá lè ṣe èyí nìkan lójoojúmọ́, ẹ ti yanjú ìdajì ìṣòro àjọgbé.

Ará ìsàlẹ̀, ibi tí ọ̀rọ̀ pọ̀ sí

Krib, tí wọ́n ń pè ní Pelvicachromis pulcher, gúúsù Nàìjíríà àti etí òkun Kamẹrúùnù ló ti wá. Ó ti pẹ́ gan an tí àwọn òyìnbó ti ń sìn ín, ọmọ àwọn tí wọ́n sìn ló pọ̀ lọ́jà lókè òkun lónìí, a wá ń rà á padà lọ́wọ́ wọn. Abo ẹ̀ ló rẹwà jù, tó bá ti fẹ́ yé ẹyin, ikùn ẹ̀ á pọ́n bíi ti àgbálùmọ̀ tó ti pọ́n dáadáa. Inú ihò ni wọ́n ń yé sí, ìkòkò amọ̀ kékeré tẹ́ ẹ dojú ẹ̀ dé, tẹ́ ẹ gé ẹnu díẹ̀ sí, ti tó wọn. Takọtabo ló ń tọ́jú ọmọ, wọ́n á máa kó wọn kiri bí adìyẹ ṣe ń kó ọmọ. Ó tún ní ohun kan tó máa ń yà mí lẹ́nu, bí omi bá ṣe ń kan sí, tí pH ẹ̀ (nọ́ńbà tó ń sọ bí omi ṣe kan sí) lọlẹ̀, akọ ló máa pọ̀ jù nínú ọmọ tí wọ́n bá bí, tí pH bá gòkè, abo á pọ̀ sí i. Ẹ ra takọtabo kan péré fún tánkì kan. Tí wọ́n bá lọ́mọ nílẹ̀, wọn ò ní jẹ́ kẹ́nikẹ́ni sún mọ́ igun wọn, torí náà tánkì gbọ́dọ̀ gùn tó kí àwọn yòókù lè ríbi yà sí.

Upside-down catfish, Synodontis nigriventris, Kóńgò lòun ti wá, kì í ṣe ọ̀dọ̀ wa, àmọ́ omi tó fẹ́ bá tiwa mu. Ṣe ló máa ń dojú dé, ikùn lókè, ẹ̀yìn nísàlẹ̀, ikùn ẹ̀ ló wá dúdú ju ẹ̀yìn lọ. Kò ju sẹ̀ǹtímítà 10 lọ, mẹ́rin ni kẹ́ ẹ kó pọ̀, ẹ fún wọn ní igi rírà tó ní abẹ́ tí wọ́n lè fara mọ́. Ẹ kíyè sára, àwọn kan ń ta Synodontis mìíràn lórúkọ ẹ̀, S. nigrita ló wọ́pọ̀, ìyẹn máa tóbi tó ìlọ́po méjì. Èyí tí ikùn ẹ̀ bá funfun, ẹ má rà á.

Ẹ jẹ́ ká wá sórí reedfish tí àwọn mìíràn ń pè ní ropefish, Erpetoichthys calabaricus. Èyí tí wọ́n kọ́kọ́ kọ nípa ẹ̀ ní 1865, Kàlàbá ni wọ́n ti kó o, ṣùgbọ́n ó wà lágbègbè Odò Ògùn, ó sì wà ní Benin Republic. Ó gùn tẹ́ẹ́rẹ́, àwọn ará ilé máa pariwo ejò lọ́jọ́ tó bá kọ́kọ́ wọlé, àmọ́ ẹja ni, ó níyẹ́ kékeré méjì lẹ́gbẹ̀ẹ́ orí, jẹ́jẹ́ ló ń rìn, kò ní oró, kì í bu èèyàn jẹ. Ó ní ẹ̀dọ̀fóró, lẹ́ẹ̀kọ̀ọ̀kan ó máa gòkè wá fa afẹ́fẹ́ sínú, á tún sọ̀kalẹ̀. Ẹ jẹ́ kí wọ́n jẹ́ méjì tàbí mẹ́ta, wọ́n máa ń lọ́ mọ́ra wọn nínú ihò kan náà lọ́sàn-án.

Ojú ẹ̀ ò ríran tó bẹ́ẹ̀, alẹ́ ló ń jẹun, imú ló fi ń wá a. Ekòló ni oúnjẹ tó fẹ́ràn jù, ẹ wú u níbi tí wọn ò ti fín oògùn, ẹ fi omi ṣan án, ẹ gé e kéékèèké, ẹ fi ìgbámú gígùn gbé e síwájú orí ẹ̀ gangan lẹ́yìn tẹ́ ẹ ti pa iná. Ó máa kọ́kọ́ kọjá lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹ̀, á padà, á tún kọjá, ẹ ní sùúrù, tí imú ẹ̀ bá ti kan án ó máa fa á wọlé. Ẹja tí kò bá tó sẹ̀ǹtímítà 5 àti edé kéékèèké, kò sí èyí tí kò ní jẹ. Ó ń tó sẹ̀ǹtímítà 30 tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ, torí náà tánkì onísẹ̀ǹtímítà 120 ló kéré jù fún un.

Kò sí ihò tó kéré jù lójú ẹ̀. Ibi tí wáyà pọ́ǹpù gbà wọlé, ibi tí páìpù fílítà gbà, ibẹ̀ ló máa gbà jáde lóru, ẹ ó sì bá a lẹ́yìn àga lọ́jọ́ kejì. Ẹ fi fóòmù di gbogbo àlàfo yẹn pinpin. Àjọ IUCN, tó ń tọ́pa àwọn ẹ̀dá tó ń tán lọ láyé, ti kọ reedfish mọ́ àwọn tó ń sún mọ́ ewu àtitán, inú odò sì ni wọ́n ti ń mú ọ̀pọ̀ èyí tẹ́ ẹ máa rí lọ́jà, tẹ́ ẹ ò bá tíì ní tánkì tó gbà á, ẹ jẹ́ kó ṣì wà níbi tó wà.

Elephant-nose, Gnathonemus petersii, gbogbo èèyàn ló máa ń fẹ́ tí wọ́n bá ti rí i. Ohun gígùn tó wà níwájú ẹ̀ yẹn kì í ṣe imú, àgbọ̀n ìsàlẹ̀ ẹ̀ ni, òun ló fi ń tú yanrìn wá kòkòrò. Iná tó ń ti ara ẹ̀ jáde kéré, ọwọ́ yín ò ní mọ̀ ọ́n lára, òun ló fi ń mọ ohun tó wà láyìíká ẹ̀ nínú òkùnkùn. Ọpọlọ ẹ̀ tóbi débi pé nǹkan bí ìdá 60 nínú ọgọ́rùn-ún ọ́síjìn tí ara ẹ̀ ń lò, ọpọlọ ló ń lò ó, tèmi àti tiyín ò ju nǹkan bí 20 lọ. Ẹ rò ó wò, tí iná bá lọ tí fílítà bá dúró, tí ọ́síjìn inú omi bẹ̀rẹ̀ sí í dín kù, ewu ni fún un. Mo bẹ yín, ẹ má fi ṣe ẹja àkọ́kọ́ tẹ́ ẹ máa rà. Ẹni tó ti sin ẹja fún ọdún kan ó kéré tán, tó ní yanrìn kíkúnná nílẹ̀ tánkì dípò òkúta, tó ń rí ekòló tàbí bloodworm (ìdin pupa kékeré inú omi) lójoojúmọ́, tó sì ní iná tó dájú, ẹni yẹn ló lè rà á, kó ra ẹyọ kan ṣoṣo, torí tí wọ́n bá jẹ́ méjì, èyí tó lágbára máa fayé ni èkejì lára. Òun àti reedfish máa ń gbé pọ̀ dáadáa.

Edé tí mo sọ lókè yẹn ni Atya gabonensis. Ó tóbi, ó lè kọjá sẹ̀ǹtímítà 10, àwọ̀ ẹ̀ a máa lọ láti eérú sí àwọ̀ aró, ẹsẹ̀ ẹ̀ ní ṣónṣó ṣónṣó bí ẹni tó fẹ́ jà àmọ́ kò mọ ìjà kankan. Iwájú ẹnu fílítà ni yóò lọ dúró sí, á na ọwọ́ ẹ̀ tó rí bí abẹ̀bẹ̀ jáde, abẹ̀bẹ̀ yẹn á gba ohun kéékèèké tó ń bá omi ṣàn, á kó ọwọ́ kan sẹ́nu, á tún na èkejì. Tẹ́ ẹ bá rí i tó ń fi ọwọ́ yẹn ha ilẹ̀ kiri, ebi ló ń pa á nìyẹn, ẹ lọ oúnjẹ kúnná kẹ́ ẹ dà á síbi tí omi ti ń ṣàn. Oògùn tó ní copper nínú máa pa á. Ìgbà tó bá pa awọ dà ara ẹ̀ máa ń rọ̀, ẹ má kó o mọ́ reedfish.

Àkèré kékeré, Hymenochirus, Nàìjíríà títí dé Kóńgò ló wà, kò ju sẹ̀ǹtímítà 4 lọ. Àwọn èèyàn máa ń jù ú sínú tánkì àjọgbé, mi ò fara mọ́ ọn. Ó gbọ́dọ̀ máa gòkè wá mí, butterfly fish sì wà lókè pẹ̀lú ẹnu ńlá. Nílẹ̀, reedfish wà. Láàárín, àwọn tetra máa jẹ oúnjẹ ẹ̀ tán kó tó mọ̀ pé oúnjẹ dé. Tánkì kékeré tiẹ̀ lọ́tọ̀ ló yẹ ẹ́. Tẹ́ ẹ bá fẹ́ rà á, ẹ wo ọwọ́ iwájú ẹ̀, tí awọ bá so àwọn ìka ọwọ́ yẹn pọ̀, òun ni. Tí ìka bá dá dúró lọ́kọ̀ọ̀kan, Xenopus nìyẹn, ìyẹn máa dàgbà ju bẹ́ẹ̀ lọ dáadáa, á sì jẹ gbogbo ohun tó bá gba ẹnu ẹ̀. Kẹ́ ẹ fọ ọwọ́ pẹ̀lú ọṣẹ lẹ́yìn tẹ́ ẹ bá ti kan omi ẹ̀ o, ní Amẹ́ríkà, ní nǹkan bí 2009 sí 2011, àwọn àkèré kékeré Hymenochirus yìí kó salmonella (bakitéríà tó ń fa ìgbẹ́ gbuuru) ran ọ̀pọ̀ èèyàn, ọmọdé ló sì pọ̀ jù nínú wọn.

Àwọn tí kò gbọ́dọ̀ débẹ̀

Òjìjí. Ẹnikẹ́ni tó bá ti bá apẹja rìn mọ̀ ọ́n, iná ara ẹ̀ lè tó 350 volts, òun nìkan ló ń dá gbé. Ọmọ àrọ̀ tí wọ́n ń tà fún àwọn olówò ẹja, àwọn kan máa ń mú ẹyọ kan sínú tánkì torí ó pọ́ọ́kú, ó máa kọjá mítà kan tó bá rí àyè, kó tó dé ìdajì ìyẹn kò ní ku ẹja kankan tì í. Èpìyà náà, rárá. Jewel cichlid pupa yẹn, ẹwà ẹ̀ kò láfiwé, odò wa náà ló ti wá, ṣùgbọ́n tó bá ti fẹ́ bímọ ó máa lé gbogbo ilé síta.

Omi àti iná

Omi igbó òjò ilẹ̀ wa kì í le, ó máa ń kan díẹ̀, pH láàárín 6 sí 7 ló bá àwọn wọ̀nyí lára mu, ìgbóná láàárín 25 sí 28 digíríì. L'Ékòó ẹ ò nílò hítà, ẹni tó wà ní London nílò ẹ̀. Omi bóòhóòlù máa ń ní irin nínú nígbà míì, kì í sì í ní ọ́síjìn tó pọ̀, ẹ fà á sínú dúrọ́ọ̀mù, ẹ fi pọ́ǹpù afẹ́fẹ́ sí i fún òru kan, tí irin bá wà ẹ ó rí i tó pọ́n tó sì rì sílẹ̀, òkè ni kẹ́ ẹ gbọ́n. Omi ẹ̀rọ tó ní chlorine (oògùn tí wọ́n fi ń pa kòkòrò inú omi), tẹ́ ẹ bá gbé e sílẹ̀ fún ọjọ́ kan pẹ̀lú pọ́ǹpù, chlorine yẹn á lọ, àmọ́ níbi tó jẹ́ chloramine ni wọ́n ń lò, bó ṣe rí ní ọ̀pọ̀ ìlú ní Britain àti Amẹ́ríkà, kì í lọ bọ̀rọ̀, ẹ gbọ́dọ̀ ra oògùn tó ń pa á.

Ewé igi fúrúùtù, èyí tó wà níwájú ọ̀pọ̀ ilé ẹ̀kọ́ wa, tó bá ti gbẹ tó pọ́n tó já fúnra ẹ̀, ẹ ṣa á, ẹ fọ̀ ọ́, ẹ jù ú sómi, méjì mẹ́ta ti tó. Omi á pọ́n díẹ̀ bíi tíì tí kò ní mílíìkì, bí omi inú igbó ṣe máa ń rí gan an, ara ẹja á balẹ̀. Lókè òkun owó ni wọ́n fi ń ra ewé yẹn.

Kẹ́ ẹ tó kó ohunkóhun sínú tánkì tuntun, ẹ jẹ́ kí fílítà ṣiṣẹ́ fún ọ̀sẹ̀ mẹ́rin sí mẹ́fà pẹ̀lú oúnjẹ ẹja díẹ̀díẹ̀ tẹ́ ẹ ń jù sí i. Ìdí ni pé ìgbẹ́ ẹja máa di ammonia, ammonia máa ń pa ẹja, àwọn bakitéríà kan ló máa sọ ọ́ di nitrite, àwọn mìíràn á sọ ìyẹn di nitrate tí kò le tó bẹ́ẹ̀, ó sì máa ń pẹ́ kí bakitéríà yẹn tó pọ̀ tó. Ẹ máa pààrọ̀ ìdá kan nínú mẹ́rin omi lọ́sẹ̀.

Ọ̀rọ̀ NEPA ni mo rò pé ó yẹ kó bá yín yan ẹ̀dá jù, àwọn ìwé òyìnbó ò ní kọ ọ́ síbẹ̀. Tí iná bá lọ fún wákàtí mẹ́jọ, àwọn tó lè gba afẹ́fẹ́ lójú omi, reedfish, butterfly fish, àkèré, wọ́n ṣì máa rọ́nà gbé e gbà. Krib àti tetra á máa mí gìdìgìdì. Elephant-nose àti edé Atya náà máa wà nínú ewu. Torí náà ẹni tí kò ní ínfátà, àwọn tó ń mí afẹ́fẹ́ ni kó fi ṣe púpọ̀ nínú tánkì ẹ̀, kó má kó ẹja pọ̀ jù, kó sì ra pọ́ǹpù afẹ́fẹ́ oníbátìrì tó máa tan fúnra ẹ̀ tí iná bá lọ, kó so ó mọ́ fílítà fóòmù. 

Ríra wọn àti kíkó wọn wọlé

Nínú ṣọ́ọ̀bù, ẹ má jẹ́ kí wọ́n kánjú yín. Ẹ wo ikùn, tí ẹ̀yìn ẹja bá mú ṣóṣóró tí ikùn wọnú, ó ti pẹ́ tí kò jẹun. Ẹ ní kí wọ́n bọ́ ọ lójú yín, ẹja tí kò bá jẹun níbẹ̀, ilé yín kọ́ ló ti máa bẹ̀rẹ̀. Ẹ dá a sọ́tọ̀ fún ọ̀sẹ̀ mẹ́ta sí mẹ́rin nínú ọpọ́n tàbí tánkì kékeré kó tó bá àwọn yòókù, pàápàá àwọn tí wọ́n mú láti odò, kòkòrò inú máa ń wà lára wọn.

Fún tánkì onísẹ̀ǹtímítà 120 ní gígùn, 45 ní ìbú, 50 ní gíga, tó ń gba nǹkan bíi lítà 270, tèmi máa jẹ́ butterfly fish méjì, red-eye tetra mẹ́jọ, upside-down catfish mẹ́rin, reedfish méjì. Omi yẹn nìkan wúwo tó kílò 270, ẹ má gbé e sórí tábìlì ṣẹ́lẹ́ṣẹ́lẹ́. Ẹ lè fi takọtabo krib kan kún un, ṣùgbọ́n ẹ mọ̀ pé reedfish máa jẹ ọmọ wọn lóru, ẹni tó bá fẹ́ rí ọmọ krib kó yọ reedfish kúrò. Fún tánkì onísẹ̀ǹtímítà 80 tó gba nǹkan bíi lítà 110, ẹ gbàgbé reedfish àti elephant-nose pátápátá, takọtabo krib kan pẹ̀lú glass catfish mẹ́fà ti tó, kẹ́ ẹ so Anubias mọ́ igi fún wọn, ewé yẹn le, ẹja kì í jẹ ẹ́, lágbègbè wa níbí náà ló ti ń hù.

Àwọn agbo àárín ni kẹ́ ẹ kọ́kọ́ kó wọlé, ẹ fún bakitéríà ní ọ̀sẹ̀ méjì kí wọ́n fi mọ́ ọn lára, lẹ́yìn ẹ̀ ará òkè, lẹ́yìn ẹ̀ catfish àti reedfish. Krib ló máa wọlé gbẹ̀yìn, torí tó bá kọ́kọ́ dé, gbogbo ilẹ̀ tánkì yẹn ló máa gbà, kò ní gbà kẹ́nikẹ́ni bá a pín in mọ́. Ẹ gbé ìkòkò amọ̀ ẹ̀ sí igun kan, ẹ gbé igi àti ihò reedfish sí igun kejì, kí àyè gbalasa wà láàárín wọn.